Àga Kan, Ẹni Méjì

Àga náà tún ti lọ sílẹ̀.

Ọwọ́yá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyẹ̀wò, àpò rẹ̀ ṣì wà léjìká, ó ń wo àga onírin náà bí ẹni tó bá àlejò tí kò pè nínú yàrá rẹ̀. Ó dá a lójú pé nígbà tó dìde kúrò lórí rẹ̀ lọ́sàn-án àná, ó ga ju báyìí lọ. Àràárọ̀ ni ó ń bá a nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí á máa yí irin abẹ́ rẹ̀ títí àga á fi gbé e dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tó orí tábìlì dáadáa.

"Ẹni tó ń ṣe èyí mọ ohun tó ń ṣe," ó sọ lábẹ́lẹ̀. "Ó fẹ́ kí n máa fi àkókò mi yí àga. Ó dáa. Mi ò yí i mọ́."

Ó jókòó bẹ́ẹ̀. Orí tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a láyà, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì gòkè lọ bá etí. Kò kà á sí. Ẹni tí inú ń bí kì í tètè mọ̀ pé ara ń ro òun.

Ilé ìyẹ̀wò omi ni ibẹ̀. Omi kànga, omi ẹ̀rọ, omi odò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá nínú ìgò kéékèèké kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣe é mu. Iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni láti ṣí ìgò, kí wọ́n fi pìpẹ́ẹ̀tì fa omi díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì tú u sínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára àwo pẹlẹbẹ kan. Ọ̀pá kékeré tí kò ju pẹ́ẹ̀nì ńlá lọ ni pìpẹ́ẹ̀tì. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ orí rẹ̀ kó tó fa omi, òun náà ni wọ́n á tún fi tẹ̀ ẹ́ kó tó tú u jáde. Fà, tú. Fà, tú. Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á ní eré ọmọdé ni. Ẹni tó bá ṣe é láti àárọ̀ dọ̀sán ló mọ̀ pé àtàǹpàkò náà lẹ́mìí.

Ọmọbìnrin méjì ló ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Tábìlì kan, àga kan àti pìpẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n jọ ń lò. Ọ̀kan ń ṣe àárọ̀, èkejì ń ṣe ọ̀sán. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ẹni àárọ̀ ní Ọwọ́yá, nítorí pé kí ẹlòmíràn tó ṣí ìgò, tirẹ̀ ti tán. Ó kúrú, ó ń sáré, ẹnu rẹ̀ náà sì ń sáré. Wọ́n sọ ẹni ọ̀sán ní Jẹ́jẹ́. Ọmọ gíga kan báyìí ni, tí kì í kánjú sí nǹkan kan. Á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á dìde, á gbọn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọn omi dànù, á lọ dúró lójú fèrèsé, á wo ìta, kó tó padà wá jókòó. Ọwọ́yá ti bá a nídìí àṣà yìí rí, ó sì ti sọ ọ́ lórúkọ lọ́kàn ara rẹ̀: ọ̀lẹ.

Bí ẹ̀kọ́ wọn bá parí, ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ìyẹ̀wò náà máa gbà síṣẹ́, ìdánwò ni wọ́n sì máa fi yàn án. Ọwọ́yá fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé ó máa ń lá àlá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama ni ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú aṣọ funfun yẹn. Nítorí náà, kì í wo Jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́. Bí ẹni tó dí ojú ọ̀nà mọ́ òun ni ó ń wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kọ̀ láti yí àga yẹn, Jẹ́jẹ́ wọlé, ó sì wo bí ó ṣe jókòó.

"Kí ló dé tí o ò gbé àga yẹn sókè? Èjìká ẹ ti fẹ́ wọ inú etí."

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀."

"O ò sì tíì dìde láti àárọ̀, àbí? Máa sinmi ọwọ́ yẹn o. Iṣẹ́ ò ní sá lọ."

Ọwọ́yá rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kí n máa sinmi, kí ìwọ lè bá mi, àbí? Òun nìkan ló mọ̀ pé àtàǹpàkò òun ti ń dun òun láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé ọrùn ọwọ́ òun a máa gbóná bí òun bá ń ṣí ìdérí ìgò, àti pé bí òun bá sùn, ìka òun a máa kú tipiri. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Báwo wá ni Jẹ́jẹ́ ṣe mọ̀ tó fi ń dárúkọ ọwọ́? Ìbéèrè yìí bá a délé.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń tún fóònù ṣe nínú yàrá kékeré kan tó kọjú sí títì. Bí èèyàn bá fẹ́ gbọ́ pé ayé burú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó lọ. Bí fóònù bá bàjẹ́, ó ní ẹnì kan ló bà á jẹ́. Bí òjò bá pa aṣọ tó sá, ó ní ojú kan wà tó ń ṣọ́ òun. Òun ni Ọwọ́yá sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà fún.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lo nǹkan yẹn?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọwọ́ tiẹ̀ ò sì dùn ún rí?"

"Mi ò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ rí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé fóònù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àbúrò mi, ìfura loògùn àgbà. Bí èèyàn méjì bá jẹun nínú àwo kan, tí inú ẹnì kan ṣoṣo wá ń run ún, ṣé o ò ní béèrè ẹni tó bu oúnjẹ ni? Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà síṣẹ́. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Nínú iṣẹ́ tiwa, tá a bá fura sí nǹkan, a máa yọ ọ́ kúrò, ká wá wò ó bóyá fóònù á tàn. Kẹ́míkà ló kún ibẹ̀ yẹn. Kọ́kọ́ yẹ ibi tí ẹ ń fọwọ́ dì mú wò ná."

Ìyá wọn tó ń ká aṣọ lórí bẹ́ǹṣì gbójú sókè. "Ṣé ẹ ti bi ọwọ́ náà léèrè ohun tó ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sídìí fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń wá ọ̀tá, kì í fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan mìíràn hàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn yòókù tó dé, Ọwọ́yá mú bébà lítímọ́ọ̀sì pupa kan nínú dúrọ́ọ̀. Gbogbo ọmọ tó ti ṣe kẹ́mísìrì rí ló mọ̀ ọ́n: bébà tó máa ń yí àwọ̀ padà, lórí ohun tó bá kàn. Ó fi omi mímọ́ díẹ̀ rin ín, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pìpẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú gan-an. Díẹ̀díẹ̀, bébà pupa náà di búlúù.

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ká bébà náà sínú àpò aṣọ funfun rẹ̀. Bébà sọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kò sọ pé kí ni, kò sì sọ pé ta ni. Ọwọ́yá fúnra rẹ̀ ló fi èyí tó kù kún un.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn. Ìkejì kéré, ó fún mọ́ ìka rẹ̀ pinpin. Ó sì ń yọ̀, nítorí náà kí pìpẹ́ẹ̀tì má bàa bọ́, ó ní láti fún un mọ́wọ́ bí ẹni tó di adìẹ tó fẹ́ sá mú. Kàkà kí ìrora náà dín kù, ńṣe ló ń le sí i. Ọwọ́yá ní òun mọ ìdí rẹ̀: nǹkan náà ti ń gba inú ìbọ̀wọ́ wọlé. Kò dìde, kò gbé àga sókè, kò rọra ṣe é. Ó tún yára sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i pé ọwọ́ òun ti ń kọsẹ̀.

Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Jẹ́jẹ́ mọ́. Bí Jẹ́jẹ́ bá kí i, ó ń wá ohun tó wà nídìí ìkíni. Bí Jẹ́jẹ́ bá dákẹ́, ó ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Lọ́jọ́ kan, Jẹ́jẹ́ gbé páálí kan wá, ó ní kí ó máa gbé ẹsẹ̀ lé e bí ó bá gbé àga sókè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa máa fì. Ọwọ́yá dúpẹ́. Nígbà tí ó ku òun nìkan, ó yẹ inú páálí náà wò, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í lọ sí kọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá fi pè é. Ọ̀gá ni obìnrin tó ń darí yàrá ìyẹ̀wò náà. Kì í pariwo. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó le, á kọ́kọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì ń bẹ̀rù bíbọ́ awò náà. Ó gbé àwo tí Ọwọ́yá ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà síwájú rẹ̀. Omi kún àwọn ihò kan ní àkúnya, àwọn mìíràn sì ṣófo.

"Ìwọ tí mo máa ń fi ọwọ́ ẹ yangàn," ni Ọ̀gá wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Bí ó bá ti sọ pé ọwọ́ ń dun òun ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, ta ló máa fún ẹni tí ọwọ́ ń dùn níṣẹ́ ọwọ́? Ó mú bébà búlúù náà jáde.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ ọ́, mà. Ẹnì kan ń fi nǹkan sára pìpẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ mi ń kú."

Ọ̀gá yẹ bébà náà wò títí. "Ta ni?"

"Èmi àti Jẹ́jẹ́ nìkan là ń lò ó, mà."

"Ṣé o rí i tó fi nǹkan sí i?"

Ọwọ́yá mọ̀ pé rárá ni ìdáhùn. Rárá náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí aṣọ funfun tó máa ń rí lójú àlá, ó rí Jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀, ó sì gbé rárá náà mì.

"Mo rí i, mà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mi, mo padà wá. Mo rí i tó ń da nǹkan sára aṣọ kékeré kan, tó ń fi pa pìpẹ́ẹ̀tì lára."

Ẹyin lohùn, bí ó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pe Jẹ́jẹ́ wá.

Jẹ́jẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó wo ojú Ọ̀gá tààrà. "Lóòótọ́ ni mo máa ń nù ún, mà. Omi ọṣẹ ni mo fi ń nù ún kí n tó lọ sílé."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí o ń nù ún?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Èmi ni mò ń lọ gbẹ̀yìn."

Omi ọṣẹ, Ọwọ́yá sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ta ló ń fi ọṣẹ nu ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Òun Ọwọ́yá kò nù ún rí. Irọ́ ló ń pa.

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ oògùn lára irinṣẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú kékeré wò nílé ìyẹ̀wò. Òun máa fi pìpẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sí ibòmíràn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí èsì tó dé, kí Jẹ́jẹ́ lọ jókòó sílé. Jẹ́jẹ́ bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó ká a, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ó yíjú sí Ọwọ́yá.

"Ṣé o rí mi lóòótọ́?"

Ọwọ́yá ń wo ilẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúró díẹ̀ bóyá á dá òun lóhùn, lẹ́yìn náà ó jáde.

Pìpẹ́ẹ̀tì tuntun ni wọ́n gbé fún Ọwọ́yá, inú páálí rẹ̀ ni wọ́n ti tú u lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lò ó yàtọ̀ sí òun. Kò sẹ́ni tó ń bá a yí àga mọ́. Ìgò òun àti ìgò Jẹ́jẹ́ ló wá ń ṣe pọ̀, láti àárọ̀ títí ilé ìyẹ̀wò á fi palẹ̀mọ́. Ó ń retí kí ọwọ́ náà fúyẹ́. Àmọ́ ìrora náà kúrò ní àtàǹpàkò, ó gba ọrùn ọwọ́, ó gun apá, ó sì dúró sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ife tíì lórí tábìlì nílé, ife náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ sílẹ̀. Kò mọ ìgbà tí ìka rẹ̀ ṣí.

"Ọmọ yẹn ti ń ti ilé wọn ṣe é nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ọwọ́yá wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ní ká yọ ohun tá a fura sí, ká wá wò ó. A ti yọ ọ́. Pìpẹ́ẹ̀tì tuntun ni mò ń lò. Ó tún wá ń burú sí i."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣa àfọ́kù ife díẹ̀ nílẹ̀. "Bí a bá pààrọ̀ bátìrì tí fóònù ò tàn," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "a jẹ́ pé bátìrì kọ́."

Ìyá wọn ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, lọ́dọ̀ oníṣègùn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ọkùnrin náà kò wo ọwọ́ ní àkọ́kọ́. Ó fún Ọwọ́yá ní pẹ́ẹ̀nì kan, ó kó ìdérí ìgò díẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, "Ṣe bí o ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Jókòó bí o ṣe ń jókòó."

Ọwọ́yá rẹ àga sílẹ̀ títí ó fi dà bí tibi iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ń wò ó.

"Àga ẹ kì í ga jù báyìí lọ?"

"Ẹnì kan ló máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, sà."

"Kí ló dé tí o kì í gbé e sókè?"

Ọwọ́yá yẹ ojú kúrò lójú ìyá rẹ̀.

"Ìbọ̀wọ́ ńkọ́?"

"Méjì ni mò ń wọ̀, sà. Ọ̀kan há díẹ̀."

"Ìgbà wo lo máa ń sinmi?"

"Mi ò kì í sinmi, sà. Ọwọ́ mi yá."

"Ó ti yá jù," ni oníṣègùn náà wí. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ náà, Ọwọ́yá sì kígbe. "Àwọn iṣan tó ń gbé ìka gba ọ̀nà tóóró kan kọjá níbí. Bí o bá jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀, tí o ń tẹ nǹkan láìdáwọ́ dúró, wọ́n á wú. Bí wọ́n bá wú, wọ́n á fún iṣan tó ń jẹ́ kí ìka mọ nǹkan lára pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń kú tipiri. Ìgúnpá ẹ tún wà lókè bí apá adìẹ tó fẹ́ fò, ọrùn àti èjìká ẹ ló ń gbé e. Ìyá ẹ ti sọ ohun tí ẹ ń fura sí fún mi, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí ẹnikẹ́ni fi sí ọ lọ́wọ́, ọmọ mi. Bí o ṣe jókòó ni, àti bí o ṣe fún nǹkan náà mọ́wọ́, àti àìsinmi ẹ."

Ó wá fi hàn án. Ó gbé àga sókè títí ìgúnpá rẹ̀ fi rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì bá orí tábìlì dọ́gba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, ó ti àpótí kan sábẹ́ rẹ̀. Ó fa àwọn ìdérí sún mọ́ ọn kí ó má bàa máa nà. Ó ní kí ọrùn ọwọ́ tọ́, kí ó rọra di pẹ́ẹ̀nì mú, kí ìbọ̀wọ́ jẹ́ ẹyọ kan tó bá ọwọ́ mu.

"Ẹni gíga àti ẹni kúkúrú ò lè jókòó sí ibi gíga kan náà. Bí ẹ bá jọ ń lo àga, kí kálukú tún un ṣe bó bá ti dé ìdí rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìjà. Kó tó rẹ̀ ọ́, dìde. Gbọn ọwọ́. Wo ọ̀ọ́kán kí ojú náà sinmi. Bí ìrora bá sì bẹ̀rẹ̀, sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀."

Gbọn ọwọ́. Wo ọ̀ọ́kán. Ọwọ́yá rí Jẹ́jẹ́ lójú fèrèsé. Ó rí páálí tó fi ẹsẹ̀ tì sí kọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó pè ní ọ̀lẹ àti ẹ̀tàn ni ọkùnrin yìí ń pè ní ìtọ́jú. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè, oníṣègùn rò pé ọwọ́ ló ń dùn ún.

Ó fi igi pẹlẹbẹ àti báńdéèjì di ọrùn ọwọ́ náà.

"Ìdánwò ń bọ̀, sà," ni Ọwọ́yá wí.

"Ìdánwò á tún wá. Bí o bá ba ọwọ́ yìí jẹ́ tán, wọn kì í tà á lọ́jà."

Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á níyànjú pé kó dákẹ́. Ó ní èsì pìpẹ́ẹ̀tì á dé, wọ́n á pe Jẹ́jẹ́ padà, ọ̀rọ̀ á sì rọlẹ̀. Ta ló máa béèrè ohun tó rí tàbí tí kò rí? Ọwọ́yá rò ó. Òótọ́ ni pé ìmọ̀ràn náà dùn. Ṣùgbọ́n ojú Jẹ́jẹ́ nígbà tó ń dúró de ìdáhùn rẹ̀ kò kúrò lójú rẹ̀.

Ọ̀gá ń fọ ọwọ́ nígbà tó wọlé lọ́jọ́ kejì.

"Mi ò rí i, mà."

"O ò rí kí ni?"

"Mi ò rí Jẹ́jẹ́ tó ń fi nǹkan pa pìpẹ́ẹ̀tì lára. Mo parọ́ ni. Bí mo ṣe ń jókòó ló ba ọwọ́ mi jẹ́."

Ọ̀gá nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èsì ò tíì dé o. O ò ṣe dúró dè é?"

"Èsì ò lè sọ pé mo parọ́, mà. Èmi nìkan ni mo mọ ìyẹn."

Ọ̀gá jókòó. "Ṣé o mọ̀ pé òfin wa ni pé kí ẹni tó bá lo pìpẹ́ẹ̀tì tán fi omi ọṣẹ nù ún? Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe é. Ìwọ ni o kì í ṣe é, mo sì mọ̀, mo fojú fò ó nítorí pé iṣẹ́ ẹ ń yá. Èmi náà ní ẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mò ń yìn ọ́ pé ọwọ́ ẹ yá, mi ò wo bí o ṣe jókòó rí. Mo fún ẹni méjì ní àga kan, mi ò kọ́ yín bí ẹ ṣe máa lò ó. Ìyẹn, èmi ni màá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn, ìwọ lo ni ín. O ò ní ṣe ìdánwò yìí. Lọ tọ́jú ọwọ́ ẹ. Bó bá san, o lè wá bá mi, ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí nǹkan kan fún ọ."

Wọ́n pe Jẹ́jẹ́ padà. Ọwọ́yá sọ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́, kò dín in, kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe àwáwí. Nígbà tó parí, gbogbo ojú yí sí Jẹ́jẹ́.

"Mo ti gbọ́," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ní tèmi, ó lè tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìyá mi bi mí bóyá òótọ́ ni mo fẹ́ ba ọwọ́ ọmọlọ́mọ jẹ́. Mo ní rárá. Wọ́n tún bi mí. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá bu omi fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ wo inú ife kí wọ́n tó mu ún."

Ọwọ́yá ti rò pé òun ti san gbogbo gbèsè ọ̀rọ̀ náà tán nípa pípàdánù ìdánwò. Ìgbà yìí ló tó mọ bí ohun tó bà jẹ́ ṣe pọ̀ tó.

"Jẹ́ kí n bá ẹ délé," ó sọ fún Jẹ́jẹ́.

Ìyá Jẹ́jẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ọwọ́yá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìyá náà wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ tí wọ́n ní ọmọ mi bà jẹ́ nìyẹn?"

"Èmi ni mo bà á jẹ́, mà. Ọmọ yín ní kí n gbé àga sókè, ó ní kí n sinmi, ó gbé páálí ìgbẹ́sẹ̀lé wá fún mi. Mo rò pé ó fẹ́ dá mi dúró ni. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá mo rí i, mo parọ́ mọ́ ọn. Kò ṣe nǹkan kan, mà. Kò fi nǹkan kan sí nǹkan kan."

Ìyá náà kò sọ pé ó ti dáríjì í, kò sì lé e. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó dúró ti ara ògiri.

"Bu omi wá fún mi."

Jẹ́jẹ́ wọlé lọ, ó bu omi wá. Ìyá rẹ̀ gba ife náà, ojú ọmọ rẹ̀ ni ó ń wò, kò wo inú ife, ó sì mu ún tán pátápátá. Omijé wá ń dà lójú Jẹ́jẹ́. Ìyá náà fà á mọ́ra, ó ní, "Dárí jì mí, ọmọ mi." Ọwọ́yá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, kò sì mọ ibi tí òun á wò.

Jẹ́jẹ́ ló gba iṣẹ́ náà. Èsì pìpẹ́ẹ̀tì dé, ọṣẹ lásán ni wọ́n bá lára rẹ̀, ọṣẹ náà ló sì sọ bébà pupa di búlúù. Ọ̀gá mú kí wọ́n ra àga kejì, ó sì máa ń rìn kiri láàárọ̀ báyìí, tí á máa wo ìgúnpá kálukú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Ọwọ́yá gba ìtọ́jú fún oṣù díẹ̀ kó tó lè di ife mú dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á, bí ara bá ń dùn yín lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nídìí ìwé, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe jókòó kí ẹ tó máa wo ojú ẹni tó jókòó tì yín. Iṣan tó wú á san bí a bá fún un nísinmi. Ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí wo inú ife kó tó gba omi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kò sí báńdéèjì fún ìyẹn.